Àwòrán Ara Ògiri àti Ère Tánganran: Bí A Ṣe Ń Kó Wọn Jọ ní Ìkirè àti Àpòmù

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó àwòrán àtijọ́ jọ ní Ìkirè tàbí Àpòmù kò ní í bẹ̀rẹ̀ lọ́jà. Pálọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ kí òmìnira tó dé ṣì wà nílẹ̀ ní ìlú méjèèjì. Páànù orí àwọn mìíràn ti dípẹtà, ògiri wọn ti ń ṣí, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ń gbé inú wọn. Bí ẹ bá wọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbójú sókè. Lókè ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí ògiri ti fẹ́ kan àjà, ẹ ó rí férémù mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fi ìṣó kọ́. Bàbá tó kọ́ ilé wà níbẹ̀ nínú agbádá, ìyálé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tó kọ́kọ́ jáde ìwé mẹ́fà náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì wà: àwo tánganran, ife tí wọ́n ya orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sí lára, bóyá ajá funfun méjì tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí ará ilé kò mọ ẹni tó gbé wọn wálé mọ́.

Irú ẹrù wọ̀nyí ni orí yìí dá lé. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun: orúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán níye lórí ju àwòrán náà lọ. Férémù tó bá ti kúrò lára ògiri tí kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀ ti di pákó àti gíláàsì. Nítorí náà, ìtàn ni ẹ máa kọ́kọ́ kó. Ẹrù lè dúró síbi tó wà, nígbà púpọ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó dúró sí.

Ẹ kíyè sí fọ́tò

Fọ́tò dúdú òun funfun ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ó bá pàdé. Ìtàn rẹ̀ jìn ju bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò lọ, ó sì kan ìgbà Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 títí di 1901. Ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Aina, ọmọ Òkè-Ọdàn, tí àwọn jagunjagun Dahomey mú lẹ́rú. Ọba wọn, Gezo, fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ ní 1850. Ọbabìnrin gbà á tọ́, wọ́n sì ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta lọ́hùn-ún. Ní 1862 ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ní ìlú Brighton. Camille Silvy ya tọkọtìyàwó náà ní London lọ́dún yẹn kan náà, àwọn fọ́tò ọ̀hún sì wà ní National Portrait Gallery títí dòní. Davies yìí ló wá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó lẹ́bàá Èkó, ní nǹkan bí 1880. Kòkó rìn láti ibẹ̀ wọ inú igbó wa, òun ló kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Ìkirè, òun ló sì san owó onífọ́tò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí fọ́tò kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Onífọ́tò máa ń lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síbẹ̀, àdírẹ́sì inú òǹtẹ̀ náà á sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ Western Region tàbí W. Nigeria, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ṣáájú 1967. Bí ó bá jẹ́ Western State, ó bọ́ sáàárín 1967 àti 1976. Bí ó bá kọ Ìkirè sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó bọ́ sáàárín 1976 àti 1991, nítorí pé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Kí ẹ rántí pé onífọ́tò mìíràn kì í tètè ṣe òǹtẹ̀ tuntun, ó lè lo ti àtijọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Bí mọ́tò bá wà nínú fọ́tò, ẹ wo ibi tí sítíárìn wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni orílẹ̀-èdè wa yí padà sí wíwa mọ́tò lápá ọ̀tún ọ̀nà, mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún sì sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú rẹ̀. Bí rìsíìtì onífọ́tò bá ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn férémù, tí iye inú rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, kò lè kọjá ìbẹ̀rẹ̀ 1973, tí náírà dé.

Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà bá yín wò ó. Wọ́n á sọ orúkọ aṣọ, wọ́n á sọ ọdún tó ń lọ lóde, wọ́n á sọ ayẹyẹ tí ẹgbẹ́ kan tìtorí rẹ̀ rà á. N kò tíì rí ìwé tó lè ṣe iṣẹ́ yìí bíi tiwọn.

Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, wá wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Yorùbá. Ìlà Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò àgbà ní bó ṣe ń jókòó: á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á tẹ́ agbádá kó fẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan tàbí orúnkún. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ó mọ fọ́tò tí bàbá kan yà nítorí àwọn ọmọ tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó yà níbi ìnáwó kan ṣá.

Sprague tún kọ nípa fọ́tò ìbejì, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bíi pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á sì tún un yà. Bí ẹ bá rí ọmọ méjì tí ojú wọn kò yàtọ̀ rárá, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín wọn kọjá, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ onífọ́tò náà bàjẹ́. Fọ́tò yẹn dúró nípò ère ìbejì nínú ilé náà. Ẹ má ṣe dá iye lé e. Ẹ má tilẹ̀ bèèrè pé kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, àfi bí ìyá tó ni ín bá fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹ gbé e.

Bí a ṣe ń wọlé tọ onílé

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ má sì lọ láìmú ẹni tí wọ́n mọ̀ nínú àgbólé náà dání. Àkókò tó dára jù ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbà ti oko tàbí ọjà dé tí wọ́n ti jẹun. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí:

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá, láti ilé kejì. Mo rí àwọn bàbá wa tó wà lókè ògiri yìí, mo ní kí n wá bèèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ yín kí ó má baà sọnù mọ́ wa lọ́wọ́."

"Háà! O ṣeun. Èyí tó wà lápá ọ̀tún yẹn, òun ló bí bàbá tó bí mi."

Láti ibẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ máa gbọ́. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹni inú fọ́tò, oríkì yẹn gan-an ni ẹ sì ń wá. Kí ẹ ti tọrọ àyè tẹ́lẹ̀ láti fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tó ní "Bàbá, èló lẹ máa ta férémù yẹn?" ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ àbísọ, orúkọ àgbólé, oríkì, iṣẹ́, oyè, ẹ̀sìn, ọdún tó papò dà, ẹni tó ya fọ́tò náà àti ìdí tí wọ́n fi yà á: ìbéèrè tó yẹ kí ẹ mú dání nìyí. Ti àwọn obìnrin gba sùúrù jù. Ẹni mẹ́ta á wo fọ́tò kan, wọ́n á ní "Ìyá Làmídì ni," kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì lọ. Ẹ bi orogún rẹ̀ tó kù láyé, ẹ bi ilé tí wọ́n ti mú un wá fún ọkọ, ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Orúkọ àwọn ìyá wa ló ń kọ́kọ́ parẹ́ lára ògiri, ó sì ń dùn mí púpọ̀.

Ní Àpòmù, ìbéèrè kan tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: níbo ni ẹni yìí ti wá? Ọjà Àpòmù jẹ́ ibi tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ìgbà pípẹ́. Nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí atare lọ́jà yìí wà lára ohun tó ṣokùnfà ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, férémù tó wà lára ògiri ní Àpòmù lè jẹ́ ti oníṣòwò tí ẹbí rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sì ń wá àwòrán rẹ̀ lọ́hùn-ún láìrí i.

Ta ló ni ín?

Fọ́tò bàbá kì í ṣe ti ọmọ kan. Bí bàbá bá fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, àwọn ọmọ ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ni ojú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú ilé ń tọ́jú rẹ̀ ni, kò lè dá a tà. Kí ẹ tó gba ohunkóhun kúrò nínú ilé ẹbí, kí olórí ẹbí gbọ́, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá, kí ẹ kọ ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá gbé férémù wá bá yín lálẹ́ pé òun ń tà á, ẹ má rà á. Ẹ bi í léèrè ilé tó ti gbé e wá, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni pé kí ó kó àwòrán, kí ó sì fi férémù sílẹ̀ lára ògiri. Kò ṣòro mọ́. Fóònù tó dára tó. Ẹ gbé férémù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ara yín kí òjìji yín má baà hàn nínú gíláàsì, ẹ mú fóònù kó dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá ní sikáànà tí fọ́tò náà sì ti wà lóde gíláàsì, ẹ fi sí 600 dpi. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, ẹ má fà á. Awọ orí fọ́tò á bá gíláàsì lọ, ojú bàbá á sì ṣí kúrò. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ẹ̀dà kan tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ fi sí férémù tuntun, ẹ gbé e padà fún ilé náà. Ilé tí ẹ bá ṣe èyí fún á ránṣẹ́ pè yín fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá rí àpótí fọ́tò mìíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà

Èyí kò pọ̀ tó fọ́tò. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ni gbogbo ayé mọ̀ sí aṣáájú nínú yíya èèyàn ní ìlànà àwọn òyìnbó ní ilẹ̀ wa. Ó ti ya ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, nígbà tí kò tíì dé ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan. Ọdún 1920 ló tó lọ sí London láti kọ́ ọ, ọdún yẹn náà ló ya Dókítà Sapara. Ẹ má retí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkirè. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn átíìsì tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, tí wọ́n fún ní fọ́tò kékeré kan lẹ́yìn ìsìnkú pé kí wọ́n yà á ní ńlá sórí pákó tàbí aṣọ líle. Mo fẹ́ràn àwọn iṣẹ́ yìí gan-an. Ọwọ́ ẹni tó yà wọ́n hàn nínú wọn, àti bó ṣe fẹ́ kí olóògbé níyì tó. Ẹ wá orúkọ átíìsì ní igun ìsàlẹ̀, bí ó bá sì ṣì wà láyé, ẹ lọ bá a kí ẹ kọ ìtàn tirẹ̀ náà sílẹ̀.

Láti dá iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán kéékèèké tó tò lọ ní ìlà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Lára iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dà ga níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ẹ sì lè rí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ yí i padà: aṣọ tó ti pọ́n, ìṣó kéékèèké tó ti dípẹtà àti pákó tí eruku ti wọ̀ lára máa ń fi ọjọ́ orí hàn. Ẹ ṣọ́ra o, ẹni tó fẹ́ tan èèyàn lè fi tíì rẹ aṣọ tuntun kí ó lè pọ́n.

Gbogbo wa la gbọ́ nípa "Tutu", àwòrán Adetutu Ademiluyi, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà ní 1974 nígbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ̀dà kan wà nínú ilé ẹbí kan ní London láìjẹ́ pé wọ́n mọ bó ṣe níye lórí tó. Nígbà tí ilé gbàǹjo Bonhams lù ú ní oṣù kejì 2018, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kó nǹkan jọ kì í ṣe pé kí ó máa wá Enwonwu kiri pálọ̀ àwọn èèyàn. Bí ẹ bá rí ohun tó níye lórí nínú ilé ẹni tí kò mọ̀, ẹ sọ fún un. Ẹni tó ra ohun ńlá ní owó kékeré lọ́wọ́ arúgbó tí kò mọ̀ ti jà á lólè, bí ó tilẹ̀ gba rìsíìtì.

Tánganran inú kọ́bọ́ọ̀dù

Orúkọ kan ni àwọn ará ilé ń pe oríṣi mẹ́ta. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni wọ́n fi ṣe é tí wọ́n sì fi nǹkan dídán bò ó lójú. Bí kò bá lẹ̀, amọ̀ ni. Kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti inú nínú òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á já tí ẹ sì ń rí òjìji ìka yín, amọ̀ funfun tó kúnná jù ni, èyí tí àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí kò bá là á já, amọ̀ lásán tí wọ́n kùn ni. Ẹ fi ìka kàn án bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà kí wọ́n tó sanwó. Èyí tó ti sán kì í dún gbọọrọ.

Àwọn ère kéékèèké ìgbà Victoria tí àwọn olówó ń wá kiri, amọ̀ lásán ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là já. Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n fún ilé àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń lo àwọn ọmọdé nínú iṣẹ́ náà. Orí pẹpẹ ibi ìdáná pálọ̀ ni wọ́n ń tò wọ́n sí, nítorí náà àwọn tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe wàhálà lórí ẹ̀yìn wọn: ẹ̀yìn wọn tẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dà. Ọbabìnrin àti ọkọ rẹ̀, àwọn ọ̀gágun, àwọn oníwàásù, àti ajá méjì méjì tó kọjú síra wọn ni wọ́n ń mọ. Lẹ́yìn tí Uncle Tom's Cabin, ìwé ìtàn nípa ẹrú dúdú, jáde ní 1852, wọ́n mọ Uncle Tom àti ọmọdébìnrin Eva náà, ọkùnrin dúdú àti ọmọ funfun pa pọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú èyí kí ó rà á bí agbára rẹ̀ bá ká a, nítorí ìtàn wa wà nínú rẹ̀.

Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ti àtijọ́ ní ihò tóóró kan nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn, ó sì wúwo nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ amọ̀ sínú àwo ìmọ. Ayédèrú ìsinsìnyí fúyẹ́, ihò rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀, sísán tó wà lójú rẹ̀ sì dọ́gba jù láti jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ orí. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó kan jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1842 àti 1883. Láti 1884 ni nọ́ńbà tí Rd No ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ England nìkan sábà ń jẹ́ ti lẹ́yìn 1891, nígbà tí Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọjà tó bá ń wọlé kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Made in England sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún. Bí ẹ bá rí Occupied Japan, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é, títí di 1952. Idà méjì tó dábùú ara wọn ni àmì Meissen ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ló sì ti jí àmì yẹn lò. Iná tí àwọn tó ń ka owó fi ń yẹ náírà wò wúlò púpọ̀: nínú òkùnkùn, ibi tí wọ́n ti fi gúlù àti ọ̀dà tuntun tún ère ṣe sábà máa ń tàn yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Peckham àti Manchester, tí ẹ ń rí irú nǹkan yìí ní àwọn ọjà tí wọ́n ń pa lẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ Sunday, ẹ ra èyí tí ojú yín bá gbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ife tí wọ́n ṣe fún ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth ní 1956, tàbí àwo òmìnira 1960, tó bá ti inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní Ìkirè jáde, tí ẹ sì mọ ìyá tó rà á àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi bu omi fún àlejò, tó ère Staffordshire mẹ́wàá. Kò sí ilé gbàǹjo tó máa bá mi sọ bẹ́ẹ̀. Àwa la ni ín, àwa la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá iye lé e.

Ibi tí òfin wà

Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáà máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí kó máa gbé e jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lò rí fún ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀, tó sì ní ìtàn tàbí ọnà nínú, wà lábẹ́ rẹ̀ náà, ì báà jẹ́ pé lẹ́yìn 1918 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ère ìbejì, ọ̀pá òrìṣà, ìlù, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, òpó ilé: ẹ má rà wọ́n. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi bẹ̀ yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ àjọ yìí ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa. Ère òyìnbó inú kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, òfin yìí kò sì dí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́.

Ìtọ́jú

Òjò àti ikán ni ọ̀tá tó burú jù ní agbègbè wa. Ẹ má kọ́ fọ́tò sára ògiri tí òjò ń nà láti ìta. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn férémù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín òun àti ògiri. Fọ́tò tí kò sí nínú férémù, inú ápòòwé bébà ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń sé ooru àti omi mọ́nú. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí kàńfọ̀ kàn án. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Báírò á là á já sójú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà gbígbóná bò ó, ẹ má lẹ̀ ẹ́ ní sẹ́lótéèpù. Àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní ètè pupa àti aṣọ aláwọ̀, omi kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ti tó.

Àwòrán ọ̀dà, ẹ má fi òróró pa á kí ó lè dán. Eruku á mu òróró náà, á sì dúdú kọjá títúnṣe. Ọyẹ́ máa ń fa pákó férémù ya, nítorí náà ẹ yẹ ìṣó àti okùn rẹ̀ wò kí oṣù kejìlá tó dé.

Tánganran, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú báàsì tí ẹ tẹ́ aṣọ sí nísàlẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn líle á bó wúrà etí rẹ̀. Ère tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ má rì í bọ omi, omi á wọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e, kì í ṣe orí tàbí apá. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣa gbogbo èérún sínú ápòòwé kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ má sì yára da gúlù sí i.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ ra ìwé ńlá elépo líle kan. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan: ohun tó jẹ́, ìbú àti gígùn rẹ̀, ibi tó ti sán, ilé tí ẹ ti rí i, ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, ohun tí ẹ san, ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ìtàn méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ohùn tí ẹ gbà, ẹ fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé tó ni oríkì náà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa àṣà. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n á bá yín tọ́jú ẹ̀dà kan. Kí ẹ sì kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ẹni tí yóò gba gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn yín. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ pé ẹ yá a ni, ẹ kọ àgbólé tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà sí, pẹ̀lú orúkọ èèyàn méjì níbẹ̀ tó mọ̀ sí i.